Ayálégbé Ìdí Ọ̀pá-Ẹ̀yìn

Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti ń gbowó ilé ní Odínjó.
Mo mọ ayálégbé tó ń pa iná tó bá gbúròó bàtà mi,
mo mọ èyí tí í rán ọmọ pé "Màmá ò sí nílé,"
tí ọbẹ̀ sì ń ta sánsán lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú èmi alára
láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje,
tí kò san kọ́bọ̀.

Ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ rí i, ní Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀, lásìkò ọyẹ́.
Ó ní ká má pe orúkọ ẹ̀, ká máa pè é ní olóde.
Ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí mi lábẹ́, ó fi àdín pa mí lára.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, èépá gbẹ, ó bọ́,
ó ní, "Àlejò ti lọ."
Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ kì í purọ́,
àlejò ò lọ o.

Dókítà Morádékẹ́ ló là á yé mi ní Ọ̀rita-Mẹ́fà.
Ó yí káàdì mi padà, ó ya ọ̀pá ẹ̀yìn sí i,
ó ya iṣan tíntìntín tó yọ níbẹ̀ bí wáyà Nẹ́pà.
Ó ní nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dé pẹ̀lú kùmọ̀,
kòkòrò náà ò dúró jà. Ó gba ojú iṣan gòkè,
ó ká ara ẹ̀ jọ sídìí ọ̀pá ẹ̀yìn, ó dákẹ́.

Gbogbo ilé tó wà lára, ó ní, a máa gbé ohun tó ń sè sójú fèrèsé
kí ẹ̀ṣọ́ tó ń kọjá lè wo inú ìkòkò.
Eléyìí ò dáná. Kò ní èéfín.
Nígbà tó bá sì fẹ́ dáná, yóò kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì.
Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìhà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.
Mo ní, Dókítà, mo mọ̀ ọ́n.
Yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì. Sànúsí ni.

Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì:
mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, àṣé ẹran ara mi ń gbọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò sùn o, kí n má bà wọ́n jẹ́.
Ọgọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n fi rìn yí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ká.
Wọn ò lè dáná sun ilé, torí ilé náà, èmi ni.
Wọ́n kàn ń jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn wà níta.
Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà ń darúgbó, orúnkún wọn ń ró bíi tèmi.
Lẹ́yìn náà ni Ràbíátù kú, lóṣù tó ṣíwájú àwẹ̀.
Mi ò sùn, mi ò fẹnu kan oúnjẹ gidi,
àwọn ẹ̀ṣọ́ náà bá mi jókòó sórí ẹní.
Olóde yọjú wo ìta.
Kò rí ẹnì kankan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ gba ojú okùn kan ṣoṣo,
láti ẹ̀yìn dé ìdodo, lápá òsì nìkan,
kò ré ààlà kọjá, bí ẹni tó rí píílà sọ̀fẹ́yọ̀.
Aṣọ kàn án, ó jó. Atẹ́gùn fáànù kàn án, ó jó.
Lóru mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ká síńgílẹ́ẹ̀tì sókè,
mò ń gbọ́ Kúdẹtì lọ́ọ̀ọ́kán,
odò tó ń jọ gọ́tà lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
tí gbogbo wa sì mọ ohun tó lè ṣe.

Oògùn ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ò lè lé e jáde.
Ó kàn ń gba iná lọ́wọ́ ẹ̀ ni.
Yóò padà sí yàrá ẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa kú.

Mùtíù, ọmọ ọmọ mi, ń sáré bọ̀, ó fẹ́ gun itan mi.
Mo nawọ́ dá a dúró: "Níbẹ̀ yẹn. Má sún mọ́ bàbá."
Ó ń wò mí, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n.
Kò tíì ní ayálégbé kankan.
Ẹ jẹ́ kí èépá gbẹ ná.